Gbígbọ́ Lọ́fínńdà Dé Ìdí

Àwọn baba wa tí wọ́n fi èdè lé wa lọ́wọ́ kò sọ pé a ń rí òórùn, wọn kò sì sọ pé a ń tọ́ ọ wò. Gbígbọ́ ni wọ́n ní kí a máa gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àti bí a ti ń gbọ́ ìlù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń po òróró olóòórùn dídùn, tí mo sì ń tà á ní Ìsàlẹ̀ Èkó, síbẹ̀ ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdajì ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ohun tí a bá ń fi ojú wò lè dúró jẹ́ẹ́ kí a wò ó tẹ́rùn, bí àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri; ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń gbọ́, àkókò ni ó ń bá rìn, ẹni tí ó bá sì dìde kúrò ní ìkàlẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́jọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu kò lè sọ pé òun gbọ́ ẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn ènìyàn rere tí ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi: wọn a ṣí ìgò, wọn a fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọn a ní ó dára tàbí kò dára, wọn a sì máa bá tiwọn lọ.

Nítorí náà, ní agogo méje òwúrọ̀ òní, kí àwọn alájàpá tó kún ojú títì, mo mú pélébé bébà funfun kan tí kò ní òórùn tirẹ̀, mo ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ ìgò Jicky, mo sì fi há ẹnu ife tí ó wà lórí tábìlì mi, kí ó lè máa bá mi sọ̀rọ̀ bí mo ti ń kọ̀wé. Jicky ni lọ́fínńdà tí Aimé Guerlain pò ní ìlú Paris ní ọdún 1889, ọdún kan náà tí wọ́n parí ilé ìṣọ́ onírin gíga Eiffel ní ìlú náà. Wọ́n sì ń tà á títí di òní. Kì í ṣe nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni mo fi yàn án. Òdòdó lavender ni ó ṣíwájú nínú rẹ̀, orúkọ òdòdó yìí gan-an ni ahọ́n wa sì tún rọ di lọ́fínńdà, tí a wá fi ń pe gbogbo omi olóòórùn dídùn, ìbáà jẹ́ èyí tí a fi rósì ṣe tàbí èyí tí a fi igi ṣe. Àwa tí a fi orúkọ òdòdó kan pe gbogbo agbo náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí òdòdó ọ̀hún láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í fi ara pamọ́. Bágámọ́ọ̀tì ni ó kọ́kọ́ fò jáde: ọmọ ìyá ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń gbìn ní Calabria ní ìhà gúúsù Ítálì, èso tí ó jẹ́ pé inú èèpo rẹ̀ ni gbogbo ọlá rẹ̀ wà. A kì í se èèpo yìí lórí iná. Fífún ni a ń fún un, bí ọmọdé ti í tẹ èèpo ọsàn mọ́ ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ta sí i lójú. Bágámọ́ọ̀tì, akéde tí kì í dúró gba oúnjẹ, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tí í ṣílẹ̀kùn fún àlejò, a-yọ-bí-oòrùn-wọ̀-bí-mànàmáná! Lẹ́yìn rẹ̀ ni lavender dé, tí òun jẹ́ sísè ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ti ń se ògógóró ní etí omi ti mọ bí wọ́n ti ń se lavender: a di òdòdó àti igi rẹ̀ sínú agbada tí a dé lórí, ooru omi a gba àárín rẹ̀ kọjá, a gbé òróró rẹ̀ pọ̀n, a gba inú páìpù tí ó rì sínú omi tútù, ibẹ̀ ni ooru náà gbé ń tún padà di omi, tí òróró sì ń léfòó lórí rẹ̀ bí epo lójú ọbẹ̀.

Àwọn ará Faransé, tí wọ́n sọ iṣẹ́ yìí di ẹ̀kọ́, pín òórùn lọ́fínńdà sí mẹ́ta: wọ́n pe àkọ́kọ́ ní orí, wọ́n pe ìkejì ní ọkàn, wọ́n sì pe ìkẹta ní ìsàlẹ̀. Àwa nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ìdí ni a ń pe ìkẹta yìí, nítorí ìdí ni igi fi ń dúró, ìdí náà ni ìkòkò fi ń jókòó lórí ààrò. Ìkòkò tí yóò bá jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná.

Kí ló dé tí wọn kì í jọ lọ pọ̀? Gbogbo ohun tí imú lè gbọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò kúrò lára ohun tí ó wà kí ó tó lè dé imú, ohun kọ̀ọ̀kan sì ní bí ìyẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tó. Nínú òróró bágámọ́ọ̀tì ni límónínì wà, tí í hó ní ìwọ̀n 176 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lìnálúùlù tí ó pọ̀ nínú lavender a máa hó ní nǹkan bí 198. Ṣùgbọ́n fàníílínì, tí í ṣe òórùn fànílà, kì í hó títí yóò fi dé nǹkan bí 285, kúmárínì, tí a óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́, a sì tún kọjá 300 díẹ̀. Èmi kò sọ pé ohun kan ń hó lára ènìyàn o. Aṣọ tí a sá sórí okùn kì í hó, síbẹ̀ omi ń kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òórùn ń kúrò lára wa, èyí tí ó rọrùn láti sọ di ooru a sì ṣíwájú. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ni ó ń fa èyí, nítorí fàníílínì kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju límónínì lọ. Bí àwọn wóró rẹ̀ ti di ara wọn mú ṣinṣin ni ó mú un pẹ́. Ìdílé tí ó mọ ara, àtúká rẹ̀ kì í yá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ṣìnà, èmi náà sì ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Nínú ìwé àwọn olùtajà, wọn a máa ya lọ́fínńdà bí àwòrán onígun mẹ́ta, tí orí wà lókè ténté, tí ọkàn wà láàárín, tí ìdí sì tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó a rò pé ilé alájà mẹ́ta ni, pé bí òórùn kan bá parí ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ń gòkè wá gba ipò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn òórùn kì í dé tẹ̀lé ara wọn. Lílọ ni wọ́n ń lọ tẹ̀lé ara wọn. Ẹ wo àìsùn tí a ṣe nílé àgbà tí ó papò dà. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́ gbogbo ènìyàn ti pé: àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwọn ọ̀dọ́ ń jó, àwọn àgbà jókòó sí ìdí ògiri wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó bá di agogo mẹ́wàá, oorun ti gbé àwọn ọmọdé lọ. Nígbà tí àkùkọ kìn-ín-ní bá kọ, àwọn ọ̀dọ́ ti fọ́nká. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, àwọn àgbà nìkan ni a óò bá níbẹ̀ tí wọ́n ń pìtàn. Ta ni yóò wá sọ pé òwúrọ̀ ni àwọn àgbà wọ̀nyí dé? Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti wà níbẹ̀, àtipé nítorí wọ́n wà níbẹ̀ ni eré àwọn ọmọdé kò fi di ìjà.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó dán an wò bí mo ti dán an wò. Kí ó mú pélébé bébà méjì. Kí ó kán bágámọ́ọ̀tì nìkan sí ọ̀kan. Kí ó kán bágámọ́ọ̀tì kan náà, ìwọ̀n kan náà, sí èkejì, ṣùgbọ́n kí ó ti fi ẹ̀kán fàníílínì kan tí a là sí ṣáájú rẹ̀. Kí ó gbọ́ àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ti àkọ́kọ́ a mú bí abẹ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ korò. Ti ìkejì a ti yípo, a ti dẹ̀, bí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ní ẹbí. Fàníílínì tí wọ́n ní yóò dé ní alẹ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Ní báyìí, agogo mẹ́sàn-án ti kọjá, mo sì ti gbọ́ pélébé mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bágámọ́ọ̀tì ti lọ, àfi òjìji rẹ̀. Lavender ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti yí ohùn padà. Òórùn ewé inú rẹ̀ ti rọlẹ̀, ohun kan tí ó gbóná, tí ó dàbí awọ ara ènìyàn tí ó ti oorun jí, sì ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó gbóná yẹn ni ẹtà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ẹtà tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ nínú igbó, ẹranko alámì tí ń rìn lóru, tí ń fi ìdí ra ara igi àti òkúta kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ ọ̀nà tí ó gbà, irú rẹ̀ náà ni òkìkí rẹ̀ kàn dé ààfin àwọn ọba òkè òkun. Inú kókó kan lábẹ́ ìrù rẹ̀ ni ohun rírọ̀ bí òrí kan ti ń jáde. Ní ilẹ̀ Etiópíà, láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń sé e mọ́ inú àgò, wọ́n ń ha ohun rírọ̀ náà, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìwo màlúù, ìwo náà ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ sí àwọn apolọ́fínńdà. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí ọ̀gá mi fi í sí mi ní imú, mo sá sẹ́yìn, mo rò pé ó fẹ́ dá mi lóró ni. Àgbà Mùsùlùmí jẹ́jẹ́ kan ni ọ̀gá mi, a kì í pè é lórúkọ, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Kò bá mi wí. Ó bu ìwọ̀n bíńtín nínú rẹ̀, ó là á mọ́ ọtí tó pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ó ní kí n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo padà, òórùn òdòdó ni mo gbọ́, òdòdó tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Lónìí púpọ̀ nínú àwọn apolọ́fínńdà kò bá ẹranko náà dá nǹkan pọ̀ mọ́, nítorí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lavoslav Ružička ti tú àṣírí bí ohun tí ń mú òórùn ẹtà wá ṣe so pọ̀ ní ọdún 1926, àwọn onímọ̀ sì ti mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é. Inú mi dùn sí i, nítorí oró tí ẹtà ń jẹ nínú àgò kò kéré, imú mi kò sì lè fi òórùn dídùn tan ọkàn mi jẹ lórí ìyẹn.

Àwọn méjì tó bá ẹtà jókòó sí ìdí Jicky, àwọn náà ní ìtàn. Kúmárínì ni òórùn koríko tí a gé, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Inú èso tonka láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí i, títí William Henry Perkin fi ṣe é nínú ilé ìwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1868. Fàníílínì tẹ̀lé e ní 1874, láti ọwọ́ Ferdinand Tiemann àti Wilhelm Haarmann ní ilẹ̀ Jámánì. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́fínńdà púpọ̀ ń fara wé òdòdó: rósì ni rósì, lavender ni lavender. Paul Parquet fi kúmárínì sínú lọ́fínńdà Fougère Royale ní 1882, Aimé Guerlain sì dé lẹ́yìn ọdún méje, ó kó kúmárínì, fàníílínì àti ẹtà jọ sí abẹ́ lavender kan náà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òdòdó tí ń bá ìrì òwúrọ̀ lọ wá rí ibi jókòó títí di ọ̀gànjọ́. Èyí ni mo kà sí ohun ńlá nínú iṣẹ́ wa, ó sì wú mi lórí ju gbogbo ìgò olówó iyebíye tí wọ́n ń dì í sí lọ.

Ní ti ọkàn, tí àwọn òdòdó ń gbé, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n púpọ̀. Ó ń gba ju 3,000 kilo ìtànná rósì lọ kí ènìyàn tó rí kilo òróró kan. Ní ìlú Grasse, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nítorí pé jásímínì kò lè fara da ooru iná, nígbà kan rí wọ́n máa ń tẹ́ ọ̀rá sórí gíláàsì, wọn a to òdòdó tútù lé e, wọn a máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́ títí ọ̀rá náà yóò fi mu òórùn yó. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ̀ pé òrí tí a gbé ti ẹja kò tún ṣe é fi pa ọmọ lára mọ́ kò nílò olùkọ́ kankan tí yóò là á yé wọn pé ọ̀rá kì í gbàgbé òórùn.

Ohun tí ó ṣòro jù ni kí a mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, ìdílé kan bẹ̀ mí pé kí n po òróró sínú ọgọ́ta ìgò kékeré fún àwọn àlejò ìgbéyàwó ọmọ wọn. Inú mi dùn. Mo kó ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata ilẹ̀ jọ, mo pò wọ́n títí òórùn àkọ́kọ́ fi ń dán bí idẹ tuntun, lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ohun dídùn díẹ̀ fi sí abẹ́ rẹ̀, mo sì dì í sínú ìgò ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an láì jẹ́ kí ó sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹnu gbogbo ènìyàn kò gbà á. Nígbà tí ó fi di agogo mẹ́ta ọ̀sán, nínú ooru gbọ̀ngàn, ohun tó kù lára àwọn àlejò ni òórùn ṣúgà tí ó fẹ́ jóná. Ìyá ìyàwó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, òórùn àárọ̀ yẹn dà?" N kò rí nǹkan sọ. Ìbéèrè rẹ̀ dùn mí ju èébú lọ, títí di ìsinsìnyí ni mo sì ń fi í bi ara mi léèrè nígbàkigbà tí mo bá po nǹkan.

Mo lọ bá Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún un. Ó ní, "Òrùlé lo kọ́kọ́ kọ́, o wá ń wá ibi tí o máa gbé e kà." Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó kà nípa Jean Carles, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ lọ́fínńdà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Roure ní Grasse ní 1946, pé ohun tí òun náà ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyí: kí wọ́n kọ́kọ́ po ìdí, kí wọ́n po ọkàn lé e, orí ni kí wọ́n fi parí. Ẹni tí ń pò ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni tí ń lò yóò parí sí. William Poucher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ohun tí ó tún ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: ó gbọ́ àwọn òórùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kú lórí bébà, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 100 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pẹ́ tó; 1 sí 14 ni orí, 15 sí 60 ni ọkàn, 61 sí 100 ni ìdí. Ẹ ro irú sùúrù tí ó wà nínú iṣẹ́ yẹn ná, kí ènìyàn máa jí lójoojúmọ́ lọ wo bóyá òórùn kan ti kú tàbí ó ṣì ń mí.

Àwọn oníbàárà mi a máa béèrè ìdí tí òróró tí kò ní ọtí nínú fi dàbí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ fi í para. Ọtí ni ó ń yára gbẹ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń fa àwọn òórùn orí sókè. Òróró kì í kánjú gbẹ, nítorí náà kò ní akéde. Ní ìlú Kannauj ní ilẹ̀ Íńdíà, òróró igi sándáwúùdù ni wọ́n ń gbé dúró de ooru òdòdó tí ó ń ti inú agbada bọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìdí ti ń dúró de òdòdó kí òdòdó tó dé. Awọ ara náà ní tirẹ̀: lára awọ tí ó gbẹ, òórùn a tètè sá. Ẹni tí ó bá fi òrí díẹ̀ pa ọrùn-ọwọ́ kí ó tó kán lọ́fínńdà sí i yóò rí i pé ó pẹ́. Ní Èkó wa níhìn-ín, ooru a máa lé orí lọ kíákíá. Bí ẹ bá fẹ́ ra lọ́fínńdà, ẹ kán an sí ọwọ́ láàárọ̀, ẹ ná gbogbo ọjà yín tán, kí ẹ tó san owó rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe gbára lé imú ara yín nìkan. Obìnrin kan mú ìgò padà wá fún mi lọ́dún kan pé lọ́fínńdà inú rẹ̀ ti kú, pé láàárín wákàtí kan òun kì í gbọ́ ọ mọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bi ọkọ yín." Ọkọ rẹ̀ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní láti ẹnu ọ̀nà ni òun ti ń mọ̀ pé ìyàwó òun ti dé. Imú tí ó ti bá òórùn gbé a máa mú un bí ará ilé, kì í kéde rẹ̀ mọ́. Àlejò ni ó ń gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ ti ṣú nísinsìnyí, mo sì ti tan fìtílà. Mo gbé pélébé náà súnmọ́ imú. Lavender ti lọ, tàbí kí n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ohun tí ó kù jókòó pẹ̀lú fànílà àti koríko gbígbẹ, ẹtà sì wà láàárín wọn, kò rùn mọ́, ó kàn gbóná ni. Mo padà ka ohun tí mo kọ nípa ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, mo sì rí i pé mo fo ohun kan. Nígbà tí bágámọ́ọ̀tì ń fò jáde láàárọ̀, ooru yìí wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ara bágámọ́ọ̀tì ni. Mo ti fi pélébé náà sínú ìwé tí mo ń kà lọ́wọ́. Lọ́la, kí n tó bọ́jú, màá tún ṣí i.